Ta Ló Ń Jẹ Oúnjẹ Jímọ̀?

Obìnrin tó bá ní orogún mọ̀ pé abọ́ oúnjẹ kì í ṣe abọ́ lásán. Bó bá wọlé tọ ọkọ lọ ní kíkún, tó sì jáde ní òfìfo, orí ìyàwó á wú. Bó bá jáde bó ṣe wọlé, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ìdí tí àwọn ìyàwó Jímọ̀ awakọ̀ típà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abọ́ purọ́ nìyí, nínú ilé fésì-mí-kí-n-fésì-ẹ tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn ìdíkọ̀ Okokomaiko.

Mùsítúrà ni ìyálé. Bó bá kan ọjọ́ oúnjẹ tirẹ̀, tó gbé oúnjẹ lọ sí yàrá ọkọ, tí ọkọ ní òun ti yó, kì í bá a jiyàn. Á fi ọmọrí bo abọ́, á gbé e wọ yàrá tirẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Á rún egungun ẹja lẹ́nu, á tu ú sórí abọ́, kó lè dà bíi pé ọkùnrin ló fi eyín ṣe é. Ìgbà yẹn ló tó máa ṣílẹ̀kùn, tó máa gbé abọ́ náà kọjá níwájú Fáòsíátù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí á máa rìn bí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, àmọ́ Mùsítúrà ń sanra ní tirẹ̀, torí oúnjẹ ẹni méjì ló ń jẹ. Àwọn ará ilé ń wò ó, wọ́n ní ọkọ ń tọ́jú ìyálé.

Fáòsíátù, ìyàwó kékeré, kò ní ikùn tó lè gba oúnjẹ ẹni méjì. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn ṣáláńgá ni òun ń da tirẹ̀ sí bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú. Lẹ́yìn náà, á gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, á máa fọ̀ ọ́ gbàgà-gbàgà, á máa kọrin lé e, kí Mùsítúrà lè gbọ́ nínú yàrá pé abọ́ ti ṣófo. Mùsítúrà á sì gbọ́. Tèmi ni kò jẹ, á máa wí fún ara rẹ̀, tòun ló jẹ tán. Ohun kan náà ni Fáòsíátù ń wí lọ́jọ́ tó bá rí egungun ẹja.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé, kò sì sẹ́ni tí kò bá ti rí i nínú ilé yẹn tó bá jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń wo nǹkan. Jímọ̀ kò jẹ oúnjẹ ìyálé, kò jẹ ti ìyàwó. Nǹkan kan ló ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó máa ń fi aásà sí, tábà lílọ̀ tí àwọn awakọ̀ fi ń lé oorun nídìí sítíárì. Egbò kékeré ni, kò tó ohun tí èèyàn ń pariwo lé lórí, àmọ́ kò jinná. Eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Oníkẹ́mísì kan ní Ìyànà Ìbà fa eyín náà yọ, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó bu kápúsù fún un, egbò ò jinná. Kókó kan yọ lábẹ́ àgbọ̀n. Kò dùn ún, kò sì kà á sí. Òmíràn yọ lọ́rùn, ó ra mọ́fúlà, ó ń wé e kiri nínú ooru Èkó bí ẹni tó ń gbé Jọ́ọ̀sì.

Ó wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tó ń gba òun lọ́wọ́ ìbéèrè obìnrin. Kó ṣáà ti ní òun ti yó. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyálé, ìyálé á gbà pé ọ̀dọ̀ ìyàwó ló ti yó. Bó bá sọ ọ́ fún ìyàwó, ìyàwó á kàn gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ó tijú òórùn ẹnu rẹ̀, ó bẹ̀rù ohun tí dókítà máa sọ, owú àwọn obìnrin rẹ̀ sì bá a bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí mọ́fúlà ṣe lè bò ó lọ. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń pe ìyẹn ní ọkàn ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀ létí mi.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni gbogbo rẹ̀ tú síta, lásìkò ọ̀wọ́n epo kan báyìí, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba tí típà Jímọ̀ sì ti wà lórí ìdúró. Ọjọ́ méjì méjì ni àwọn obìnrin náà pín oúnjẹ sí. Ti Fáòsíátù ti parí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ti Mùsítúrà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Mùsítúrà sì ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun máa fi oúnjẹ òní gba ọkọ òun padà. Iyán ló fẹ́ gún. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Jímọ̀, bó bá rí iyán tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í tún pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí ni àwọn àgbà wí? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ.

Ariwo odó ló jí àwọn tó ṣì ń sùn nínú ilé. Mùsítúrà gún iyán yẹn bí ẹni tó ń gún orí ẹnì kan. Felicia, ìyá Isaac, tó ń rán sùtánà fún àwọn aláṣọ funfun, tó sì máa ń gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, bi í pé ṣé ọdún dé ni. Mùsítúrà ní ọdún kọ́, pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá mọ adùn oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ ṣọ̀lẹ ni. Ó sọ ọ́ sókè dáadáa, kó lè wọ inú yàrá tí Fáòsíátù ti ń wẹ ọmọ rẹ̀, Àìná. Fáòsíátù gbọ́. Ó fi kànìnkànìn ha ọmọ lára débi pé ọmọ ké.

Ẹ̀fọ́ rírò ni Mùsítúrà fi sin iyán náà, ó kó ẹran ìgbẹ́ àti panla sí i, ó sì ta ata sí i dáadáa. Ọ̀rọ̀ ata yìí nìkan tó ìtàn. Láti ìgbà tí Jímọ̀ ti kọ́kọ́ ń ráhùn pé ọbẹ̀ ń ta òun lẹ́nu ni Mùsítúrà ti gbà pé ọbẹ̀ Fáòsíátù tí kò láta ló ti mọ́ ọn lára. Dípò kó dín ata kù, ńṣe ló fi kún un, kí ọkọ lè rántí ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé níyàwó. Ata rodo ló fi ń bá orogún rẹ̀ jà, orí egbò ọkọ ló sì ń dà á sí.

Nígbà tó gbé oúnjẹ wọlé, Jímọ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Òórùn tùràrí kún yàrá. Mùsítúrà dúró, ó fa imú. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé Fáòsíátù nìyẹn, òun ló sun tùràrí fún ọkọ mọ́jú, kí yàrá lè máa rùn bíi tirẹ̀ lọ́jọ́ oúnjẹ ẹlòmíràn. Kò bi ara rẹ̀ pé irú òórùn wo ni tùràrí náà ń bò. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ọmọrí, èéfín iyán bú sókè. Jímọ̀ yíjú wò ó. Omi gba ojú ọkùnrin náà, ó sì tètè yí orí padà. Ohùn rẹ̀ ti di bí ohùn ẹni tó ń ti inú garawa sọ̀rọ̀.

Ó ní òun ti yó.

Mùsítúrà ì bá gbé abọ́ rẹ̀ kó máa lọ bó ti máa ń ṣe. Àmọ́ bó ṣe ń dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá kọ́ọ̀pù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wò ó, ògì ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ògì, láàárọ̀ ọjọ́ oúnjẹ òun. Ó bi Jímọ̀ pé ta ló fún un. Jímọ̀ ju ọwọ́ nù, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ìyẹn ló tán Mùsítúrà ní sùúrù. Bó bá jẹ́ pé ó wo inú kọ́ọ̀pù náà dáadáa ni, ì bá rí ìlà pupa tó wà lójú ògì. Kò wò ó. Ó gbé kọ́ọ̀pù, ó jáde, ó sì da ògì náà sára ilẹ̀kùn Fáòsíátù.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa tún gbogbo èébú tí wọ́n bú ara wọn sọ. Mùsítúrà pe Fáòsíátù ní olè tó ń jí ọjọ́ ọlọ́jọ́, ó ní aláàfáà tó so wọ́n pọ̀ kò sọ fún un pé kó máa fi òwúrọ̀ bọ́ ọkọ ní bòókẹ́lẹ́. Fáòsíátù jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó fi Kùránì búra pé òun ò fún Bàbá Àìná ní nǹkan kan. Ẹ rí i, àní "Bàbá Àìná" yẹn pàápàá dá ìjà sílẹ̀. Abọ́dúnrìn ọmọ Mùsítúrà ni àkọ́bí ilé, Bàbá Abọ́dúnrìn ni gbogbo àdúgbò ń pe Jímọ̀, Fáòsíátù nìkan ló ń fi ọmọ tirẹ̀ pè é. Mùsítúrà ní ẹnu rẹ̀ á wọ́. Ó kan ìyá rẹ̀, ó kan ìyá ìyá rẹ̀. Àwọn ará ilé ti ń yọjú ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àwọn kan mú pákò jẹ lẹ́nu, kò sẹ́ni tó là wọ́n, torí ìjà náà dùn ún wò. Ẹlòmíràn ń sọ fún ẹnì kejì pé òun ti mọ̀ tipẹ́, pé ọ̀kan nínú wọn ti fi nǹkan sí oúnjẹ ọkọ, pé ṣebí gbogbo wa la rí bó ṣe ń gbẹ.

Nígbà tó dun Fáòsíátù dé egungun, ó yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu. Ìyálé tó gbà á wọlé, tó fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó sọ ọ́ di "ìwọ" lójú gbogbo ayé. Ẹnì kan ní háà.

"Ìwọ Mùsítúrà, kí ló kù tí o tún ń wá? Ìwọ lo ń gbé egungun ẹja jáde nínú yàrá ọkọ ní gbogbo ọjọ́ rẹ, tí o ń fi han èmi. Ó jẹ tìẹ tán, ó fi egungun sílẹ̀. Ṣé torí ògì ni o fẹ́ fi pa mí?"

Mùsítúrà wo àwọn ará ilé. Ó wo Felicia. Ìtìjú ńlá ni ohun tó fẹ́ sọ yìí, ó mọ̀.

"Èmi ni mo jẹ ẹ́," ó wí. "Ẹran, ẹja, ọbẹ̀, èmi ni mò ń jẹ ẹ́ nínú yàrá. Èmi ni mò ń rún egungun. Kò fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo ń bọ́ ọ yó kó tó kan ọjọ́ mi."

Fáòsíátù ń wò ó. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ògì tó dà.

"Èmi kọ́, Ìyá Abọ́dúnrìn. Gọ́tà ni mò ń da tèmi sí. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ṣáláńgá." Kò mọ̀ pé "ẹ" ti padà sẹ́nu òun.

Máṣíìnì Felicia dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni mọ́, torí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ orogún. Bí ìyálé kò bá bọ́ ọ, tí ìyàwó kò bọ́ ọ, ta ló ń jẹ oúnjẹ Jímọ̀?

Felicia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní Bàbá Abọ́dúnrìn fúnra rẹ̀ ló lọ ra ògì láàárọ̀, pé òun rí i nígbà tí òun ń ti ìsìn òwúrọ̀ bọ̀. Ó ní òun rí i tó mu díẹ̀, tó tẹ orí ba, tó ń pọ̀ ọ́ jáde, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé lónìí nìkan ni. Ó ní rárá, ó ti pẹ́. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun rò pé àwọn ìyàwó ni wọ́n ṣe é sí i, òun ò sì fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Àmọ́ ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ rẹ̀, kó lè hàn pé òun ríran. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ilé yẹn kún fún àwọn tí wọ́n gbọ́ hẹ̀rẹ̀-huru, tí wọ́n yí ìrọ̀rí sódì kejì.

Ìgbà tí wọ́n gbójú sókè, Jímọ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ariwo ló mú un jáde, kò rántí mọ́fúlà. Nínú òkùnkùn ló máa ń tú u, ojú ògiri ló sì máa ń kọ sí bó bá fẹ́ sùn, nítorí náà kò sí ìyàwó rẹ̀ kan tó tíì rí ọrùn náà nínú ìmọ́lẹ̀. Kókó ti tò sí i láti abẹ́ etí dé egungun àyà. Èyí tó wà lókè ti tó ẹyin adìyẹ, awọ rẹ̀ ń dán, ó ti fẹ́ bẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn náà dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí tùràrí níbẹ̀ láti bò ó.

Mùsítúrà ló kọ́kọ́ gbéra lọ bá a. Bí Fáòsíátù ṣe rí i pé ó gbéra, òun náà dìde kíá kó má baà kẹ́yìn.

Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbani nímọ̀ràn, gbogbo wa la mọ oògùn tí kò bá ti jẹ́ àwa ló ń ṣe. Felicia ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, kí wọ́n fi omi tí wọ́n gbàdúrà sí wẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní aláàfáà kan wà ní Ìbà. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, kó gún un ní èyí tó le jù. Mùsítúrà ní ọsibítù ni. Fáòsíátù ní òun náà ti fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n gbé Jímọ̀ sẹ́yìn tákìsí, ìyálé jókòó sọ́tùn-ún, ìyàwó jókòó sósì, torí kò sí èyí tó gbà kí ẹnì kejì nìkan jókòó tì í. Awakọ̀ yí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Wọ́n já sí ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n sì dé ọsibítù.

Dókítà Ọláwùmí ló yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin kan tí kò ga, tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kò tíì jókòó láti àárọ̀. Ó ní kí Jímọ̀ ya ẹnu, ẹnu kò là ju ìbú ìka kan lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó wò ó pẹ́, kò gbé ọwọ́ bo imú. Ó fi ìka tẹ ọrùn rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, kókó lé kókó. Ó bi í pé kí ló máa ń jẹ tàbí mu. Jímọ̀ ní òun kì í mu sìgá, òun kì í mutí, aásà nìkan ni. Dókítà ní ìyẹn náà tó.

Ó wá bi wọ́n pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Jímọ̀ ní eyín ni. Dókítà kọjú sí àwọn obìnrin. Mùsítúrà ní láti ààwẹ̀ èṣí ló ti ń ráhùn ata. Dókítà ní kí ló wá ṣe sí i. Mùsítúrà wo ilẹ̀. Fáòsíátù ní etí a máa dùn ún lóru, á dì í mú, á máa mì, bó bá sì fẹ́ sùn kì í kọjú sí òun, òun sì rò pé... Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wa la mọ ohun tó rò. Ìyálé mọ̀ nípa ata, kò sọ fún ìyàwó. Ìyàwó mọ̀ nípa etí, kò sọ fún ìyálé. Ohun tí obìnrin bá mọ̀ nípa ara ọkọ, bí ìṣúra ló rí lójú orogún, wọn kì í fi han ara wọn. Níwájú dókítà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kó ìṣúra náà jọ, ó sì pé.

"Jẹjẹrẹ ni," dókítà wí. "A máa gé díẹ̀ níbẹ̀ ká yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ n kò ní tàn yín. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà níbẹ̀ nìkan, tí ẹ bá gbé e wá, à bá gé ibẹ̀ kúrò, kó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti kúrò níbẹ̀. Ó ti wọ ilẹ̀ ẹnu, ó ti mú àgbọ̀n, ìdí tí ẹnu kò fi là nìyẹn. Etí kò ṣe nǹkan kan, ahọ́n ló ń mú un dùn. Àwọn kókó ọrùn yìí, gbogbo wa la ní wọn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá ohun búburú dúró. Wọ́n dá a dúró títí ó fi kún wọn. Bó bá kọjá ibẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń lọ. Ó ń wúkọ́ bí?"

Fáòsíátù ní ó ń wúkọ́. Mùsítúrà ní ó ń wúkọ́. Dókítà ní wọ́n máa ya fọ́tò àyà rẹ̀.

Jímọ̀ ní kókó náà kò dun òun. Mùsítúrà ní ohun tí kò dunni, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ń pani. Dókítà ní ìyẹn gan-an lòun fi ń bínú, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún òun nínú yàrá yìí. Kókó tó bá le lọ́rùn tí kò sì dunni, tí kò lọ, òun ni kí wọ́n máa bẹ̀rù, kí wọ́n yé dúró de ìrora. Ó ní àwọn máa gbìyànjú, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Iná ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń jó irú èyí, ibi tí ẹ̀rọ náà wà kò sì pọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, wọ́n á tò sẹ́yìn àwọn tó ti ń dúró. Ó wo apá Jímọ̀, tó ti ku egungun. Ó wo ìyálé tó sanra. Ó wo ìyàwó.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì," ó wí, "ta ló ń tọ́jú ọkùnrin yìí?"

Obìnrin tó ti ń rún egungun kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni ọkọ ń jẹ tirẹ̀, kò dáhùn. Obìnrin tó ń fọ abọ́ gbàgà-gbàgà, kò dáhùn. Mùsítúrà ń tú etí ìborùn rẹ̀, ó ń so ó padà. Fáòsíátù ń wo ògiri. Dókítà dúró fún ìdáhùn náà títí, nígbà tí kò rí i, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi oúnjẹ sí ọkùnrin náà nínú lónìí, torí ebi ń pa á ṣáájú jẹjẹrẹ. Wọ́n máa ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba ihò imú rẹ̀ dé ikùn. Rọ́bà ọ̀hún kò sí ní ọsibítù, ìta ni wọ́n ti ń rà á, òun àti mílíìkì. Nígbà náà ni ìjà míràn tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, ìjà tí kò ní ariwo. Mùsítúrà ní kí Fáòsíátù lọ ra á, torí ìyàwó lọmọdé. Fáòsíátù ní ọwọ́ ìyálé lówó wà. Kò sí èyí tó fẹ́ fi ẹnì kejì sílẹ̀ níbi bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè fi àyà sọ pé òun ń tọ́jú ni wọ́n ń ṣọ́ báyìí. Nígbà tó pẹ́, nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ wọn, Mùsítúrà sì lọ. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. Kó tó gbé rọ́bà kalẹ̀ ló ti wo ọwọ́ Fáòsíátù, kó rí i bóyá ó di ọwọ́ ọkọ mú. Ó dì í mú. Mùsítúrà lọ sí apá kejì, ó di ọwọ́ kejì mú.

Nọ́ọ̀sì náà kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ti rọ́bà náà wọlé, Jímọ̀ fẹ́ bì, ó fọwọ́ gbá bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà sì wọlé. Nọ́ọ̀sì po mílíìkì, kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí ẹja. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó ń dà á sínú rọ́bà náà, ó ń ṣàn lọ ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wo bí obìnrin mìíràn ṣe ń bọ́ ọkọ wọn. Ó pẹ́ díẹ̀, ojú Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó mí kanlẹ̀, bí ọkùnrin ṣe ń mí lẹ́yìn oúnjẹ. Fáòsíátù bú sẹ́kún. Ẹkún náà gba Mùsítúrà lọ́fun, ó gbé e mì, torí kò fẹ́ kí wọ́n jọ sun ún.

Nọ́ọ̀sì ní rọ́bà yìí máa wà nímú rẹ̀ títí, pé bí wọ́n bá dá a padà sílé láti dúró de ẹ̀rọ, ẹnì kan ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ ọ, ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n má baà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, kó má lọ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ó yíjú padà, kọ́ọ̀pù mílíìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni ìyàwó rẹ̀?"

"Èmi ni," Mùsítúrà wí.

"Èmi ni," Fáòsíátù wí, lẹ́ẹ̀kan náà.

Jímọ̀ gbọ́ ọ. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ wọn, ó kó wọn lé àyà, ó sì pa ojú dé.